Ẹni Tí Òfin Ogúnléndé Kò Gbà: Láti Ilé Taylor ní Calabar dé Bárékè Tiwa

Ẹgbẹ́ tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí òfin ogúnléndé. Mo ní òfin yẹn gbòòrò, apá wo ni ẹ fẹ́? Wọ́n ní apá tó kan ilé wa. Òun náà ni mo gbé wá. Kí ni òfin ní ká ṣe fún ẹni tó sá àsálà fún ẹ̀mí rẹ̀, tó wá ń kan ilẹ̀kùn orílẹ̀-èdè mìíràn, bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà nílé, òun náà wà lára àwọn tó ń lé ẹlòmíràn kiri?

Ẹ jẹ́ ká gba Calabar lọ. Ní ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹjọ, ọdún 2003, Charles Taylor gbé ìjọba Làìbéríà lé igbákejì rẹ̀, Moses Blah, lọ́wọ́ ní Monrovia, ó wọ bàálù, ó di Nàìjíríà. Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ló ní kó máa bọ̀. Wọ́n wá ilé ńlá fún un ní Diamond Hill, ní Calabar, òun àti ẹbí rẹ̀ àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀. Oṣù méjì ṣáájú, ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà, Ilé-ẹjọ́ Àkànṣe ti Sierra Leone ti kéde fún gbogbo ayé pé àwọn ti fẹ̀sùn ìwà ọ̀daràn ogun kàn án. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé Nàìjíríà ò mọ irú àlejò tó ń gbà.

Ká má parọ́ mọ́ Ọbásanjọ́, ìdí tó fi gbà á kì í ṣe ìdí yẹpẹrẹ. Ní oṣù keje ọdún yẹn, àwọn ọlọ̀tẹ̀ LURD ti ká Monrovia mọ́, ọta ń já lu ilé, oúnjẹ ti tán. Àwọn ará ìlú gbé òkú àwọn èèyàn wọn lọ tò síwájú ọ́fíìsì aṣojú Amẹ́ríkà kí ayé lè rí i. Bí ọkùnrin kan ṣoṣo bá máa kúrò kí ìbọn náà dákẹ́, ààrẹ wo ni kò ní bá a wá ọ̀nà àbáyọ? Àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà fọwọ́ sí i. Amẹ́ríkà náà fẹ́ kó lọ. Ìbọn sì dákẹ́ lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú àwọn tí wọ́n ń wo ọ̀rọ̀ yìí láti ẹ̀gbẹ́. Lọ́dún 1990, oníròyìn Nàìjíríà méjì, Krees Imodibie ti ìwé ìròyìn The Guardian àti Táyọ̀ Awótusìn ti ìwé ìròyìn Champion, lọ sí Làìbéríà láti lọ jábọ̀ ogun. Àwọn ọmọ ogun Taylor mú wọn, wọ́n sì pa wọ́n. Àwọn oníròyìn ẹlẹgbẹ́ wọn ló wá ń kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé Taylor ti dé, pé ara rẹ̀ le, pé ó ń gba àlejò ní Calabar. Ní Ìjẹ̀bú pẹ̀lú, ní Orù, àgọ́ ogúnléndé kan ti wà láti 1990 tí àwọn ará Làìbéríà àti Sierra Leone ń gbé nígbà náà. Yàrá kan, ìdílé kan, omi tí wọ́n ń fi korobá tò fún. Ogun Taylor ló lé púpọ̀ nínú wọn débẹ̀. Orílẹ̀-èdè kan náà ló gba ẹni tó lé wọn, ló sì gba àwọn tí wọ́n lé, ilé ẹni tó lé wọn ló sì ní ẹ̀rọ amúlétutù.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ jù nínú ìtàn yìí ni Ọ̀gbẹ́ni David Anyaele. Oníṣòwò ni ní Freetown, ní Sierra Leone. Ní oṣù kìíní ọdún 1999 tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ RUF, tí Taylor ń ràn lọ́wọ́, ya wọ ìlú náà, wọ́n gé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ wọ́n ni pé ọmọ Nàìjíríà ni, Nàìjíríà ló sì ṣaájú ECOMOG, ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó ń bá wọn jà. Ó padà sílé, ó dá àjọ kan sílẹ̀ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, ó sì ń bá a lọ di òní. Ní 2004, òun àti ọmọ Nàìjíríà mìíràn tí irú rẹ̀ ṣe gba Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ lọ ní Abuja. Wọn ò béèrè owó ìtanràn. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé kí ilé-ẹjọ́ fagi lé ààbò tí ìjọba fún Taylor, nítorí pé òfin ogúnléndé fúnra rẹ̀ ló ní kò tọ́ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìjọba ní kí ni wọ́n fẹ́ gbà níbẹ̀, pé ọ̀rọ̀ náà ò kàn wọ́n. Ẹni tí kò lọ́wọ́ mọ́! Ní oṣù kọkànlá ọdún 2005, ilé-ẹjọ́ dáhùn pé ó kàn wọ́n, pé òun yóò gbọ́ ẹjọ́ náà.

Kí ni òfin tí wọ́n dì mú? Àdéhùn ọdún 1951 lórí ogúnléndé ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tí ẹ̀rù inúnibíni ń bà nítorí ẹ̀yà rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀, orílẹ̀-èdè rẹ̀, ẹgbẹ́ tó wà tàbí èrò ìṣèlú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú abala kìíní rẹ̀, ní ìpín F, ó ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn kan. Bí ìdí tó lágbára bá wà láti gbà pé ẹnì kan hùwà ọ̀daràn ogun, tàbí ìwà ọ̀daràn sí ọmọnìyàn, tàbí ó dá ogun àìtọ́ sílẹ̀, àdéhùn náà kò sí fún un. Ó tún yọ ẹni tó dá ọ̀ràn ńlá tí kì í ṣe ti ìṣèlú kó tó sá wọ̀lú, àti ẹni tó ṣe ohun tó tako ìpìlẹ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ogun Hitler ni àwọn tó kọ ọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti jáde. Wọn ò fẹ́ kí ẹni tó tanná ran ilé àti ẹni tó jóná nínú ilé jọ máa gba káàdì kan náà. Nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà ṣe tirẹ̀ ní Addis Ababa ní 1969, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn gbòòrò ju ti 1951 lọ, títí kan ẹni tí ogun lásán lé nílé, ṣùgbọ́n wọn ò yọ ìdènà yẹn kúrò. Òfin Nàìjíríà ti 1989 tó dá àjọ ogúnléndé wa sílẹ̀ sì fa àdéhùn méjèèjì mọ́ra.

Ẹ ṣàkíyèsí pé òfin náà kò ní dandan kí ilé-ẹjọ́ ti dá ẹni náà lẹ́bi. Ìdí tó lágbára ló béèrè. Ìwọ̀n náà ju ìfura lọ, kò sì tó ìdálẹ́bi. Ìdí nìyẹn tí àwọn adájọ́ káàkiri ayé fi ń bá ara wọn jiyàn lórí rẹ̀ títí di báyìí.

Nàìjíríà wọ inú àdéhùn 1951 ní oṣù kẹwàá ọdún 1967. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níbí rántí oṣù yẹn. Òun náà ni oṣù tí àwọn sójà ìjọba àpapọ̀ wọ Asaba. Àwọn ará ìlú jáde pẹ̀lú aṣọ funfun, wọ́n ń jó, wọ́n ń kígbe pé Nàìjíríà kan ni wá. Wọ́n ya àwọn ọkùnrin sọ́tọ̀, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n lọ́pọ̀ yanturu. Ọ̀gágun Gowon ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Sójà kankan ò tíì jẹ́jọ́ rẹ̀. Mo dárúkọ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú wa má jókòó síbí kó máa rò pé ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ àwọn ará Làìbéríà ni.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, ṣé àṣà wa kọ́ ni láti gba ẹni tó sá tọ̀ wá? Àṣà wa ni. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní 1851, Awùjalẹ̀ ló fún un ní Ẹ̀pẹ́ láti máa gbé, kò sì yọ ọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n irú àlejò bẹ́ẹ̀ nílò òfin ilé. Kòsọ́kọ́ ń ti Ẹ̀pẹ́ yọ Èkó lẹ́nu títí di 1854 tó fi tọwọ́ bọ̀wé pé òun ò ní ta ko Èkó mọ́. Ọbásanjọ́ náà fún Taylor lófin: má dá sí ọ̀rọ̀ Làìbéríà mọ́. Àwọn kan ní kò pa á mọ́.

Níbí ni mo ti fẹ́ sọ èrò tèmi, kí ẹ má bàa rò pé ìwé nìkan ni mo ń kà sí yín létí. Mo gbà pé Ààrẹ ní ẹ̀tọ́ láti bá apààyàn dúnàádúrà kí ìpànìyàn lè dúró. Ó lè fún un lọ́nà. Ó lè fún un nílé. Ohun tí kò ní ẹ̀tọ́ sí ni láti pè é ní ààbò ogúnléndé, orúkọ tí ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n láti Freetown dé Orù ń jẹ́. Ìdúnàádúrà ti òṣèlú ní ọjọ́ tó máa parí, ogúnléndé sì ní ẹ̀tọ́ tó dúró. Bí a bá pa méjèèjì pọ̀, ẹni tó ní ẹ̀tọ́ gan-an ni yóò jìyà rẹ̀, torí àwọn ará ìlú á bẹ̀rẹ̀ sí í fojú ọ̀daràn wo gbogbo ogúnléndé.

Ẹ mọ bó ṣe parí. Ilé-ẹjọ́ ò tíì dá ẹjọ́ Anyaele tí Ellen Johnson Sirleaf fi dórí àlééfà ní Làìbéríà, tó sì ní òun fẹ́ kí Taylor padà wá. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 2006, Ọbásanjọ́ ní kí Làìbéríà wá mú un. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, Taylor ti pòórá ní Calabar. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, wọ́n mú un ní Gamboru-Ngala, ní Borno, lẹ́bàá Cameroon. Ẹ fi ojú inú wo bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí Calabar tó. Láti gúúsù pátápátá dé òpin àríwá, ta ló ń ṣí géètì fún un? Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Monrovia, ó di Freetown, ó di The Hague. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin ọdún 2012, Ilé-ẹjọ́ Àkànṣe ti Sierra Leone dá a lẹ́bi lórí ẹ̀sùn mọ́kànlá. Ó ń ṣẹ̀wọ̀n àádọ́ta ọdún lọ́wọ́ ní Ìlú Ọba.

Ohun tó jẹ mí lógún ni irú ẹ̀bi tí wọ́n dá a. Ilé-ẹjọ́ kò sọ pé Taylor gé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Kò tilẹ̀ gbà pé òun ni ọ̀gá tó ń pàṣẹ fún àwọn RUF. Ohun tó sọ ni pé ó ràn wọ́n lọ́wọ́, ó fún wọn ní ìbọn àti ọta, ó bá wọn gbìmọ̀, ó sì mọ ohun tí wọ́n ń fi ìbọn náà ṣe. Àwa Yorùbá ti ní ìdájọ́ tiwa lórí èyí tipẹ́: ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Mo fẹ́ràn òwe yẹn, ṣùgbọ́n adájọ́ ò lè fi òun nìkan dájọ́. Ó gbọ́dọ̀ bi ẹni tó gbà á sílẹ̀ léèrè. Ṣé o mọ̀ pé epo olóhun ni? Ṣé wọ́n fipá mú ọ, àbí ìwọ lo na ọwọ́? Ṣé ọwọ́ rẹ ló jẹ́ kí epo náà délẹ̀, àbí o kàn ń kọjá lọ lọ́nà ọjà ni?

Ìbéèrè mẹ́ta yẹn náà ni Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Kánádà fi yanjú ẹjọ́ Ezokola ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù keje ọdún 2013. Ọmọ Congo ni Ezokola. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, wọ́n rán an lọ sí ọ́fíìsì Congo ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York. Ní 2008 ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó kó ìyàwó àti ọmọ, ó sá wọ Kánádà, ó ní òun ò lè máa ṣiṣẹ́ fún ìjọba tó ń pa èèyàn mọ́. Àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ní ipò rẹ̀ ga, ó mọ ohun tí ìjọba rẹ̀ ń ṣe, nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ ò mọ́. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ó tì o. Pé èèyàn wà nínú ìjọba kan náà pẹ̀lú ọ̀daràn kò sọ ọ́ di ọ̀daràn. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ó mọ̀, pé ó fínnúfíndọ̀, àti pé ohun tó ṣe wúwo nínú ọ̀ràn náà tàbí nínú ète burúkú ẹgbẹ́ ọ̀hún. Wọ́n ní kí adájọ́ wo bí ẹgbẹ́ náà ṣe tóbi tó àti ohun tó ń ṣe, ẹ̀ka tí ẹni náà wà, iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀, oyè rẹ̀, bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀ lẹ́yìn tó ti mọ̀, bó ṣe débẹ̀, àti bóyá ọ̀nà wà tó lè gbà kúrò.

Lójú tèmi, èyí tí mo pè ní bó ṣe pẹ́ tó lẹ́yìn tó ti mọ̀ ni egungun inú rẹ̀. Ní 1992, ilé-ẹjọ́ Kánádà mìíràn gbọ́ ẹjọ́ sójà El Salvador kan. Ó fínnúfíndọ̀ wọ iṣẹ́ ológun. Ó wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà tí wọ́n ń dá àwọn tí wọ́n mú lóró, tí wọ́n sì ń pa wọ́n. Ọwọ́ tirẹ̀ kọ́ ló di ọ̀bẹ mú. Ẹ̀rí ọkàn ń dà á láàmú, ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ilé-ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ó rí i lónìí, ó rí i lọ́la, kò lọ. Wọ́n ní òun náà bá wọn lọ́wọ́ sí i, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tí òfin gbà. Ìdájọ́ náà le, àmọ́ mi ò rí ibi tí mo ti lè bá a wí.

Ẹ wá gbé e padà wá sílé. Ní Àkúrẹ́ níhìn-ín, ní bárékè Ọ̀wẹnà, ọmọ yín wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n yín wà níbẹ̀. Kò sí agboolé tí kò ní ẹnì kan tó wọ aṣọ ológun tàbí ti ọlọ́pàá rí. Púpọ̀ nínú wọn ló ti lọ jagun ní Borno, tí àwọn mìíràn ò sì padà bọ̀. Àwọn tó fi ẹ̀mí wọn dí iwájú fún wa ni wọ́n, mo sì kan sáárá sí wọn. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Amnesty International gbé ìròyìn kan jáde tó ní ó lé ní 7,000 ọ̀dọ́kùnrin àti ọmọdékùnrin tó kú sí àtìmọ́lé ológun láti 2011, pé ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2014, lẹ́yìn tí Boko Haram kọlu bárékè Giwa ní Maiduguri, wọ́n pa ju 640 lọ nínú àwọn tó sá jáde ní àtìmọ́lé. Ilé-iṣẹ́ ológun ní irọ́ ni. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, Fatou Bensouda tó jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà ilé-ẹjọ́ ìwà ọ̀daràn àgbáyé ní The Hague nígbà náà sọ pé ìdí wà láti gbà pé Boko Haram hùwà ọ̀daràn ogun, àwọn agbófinró Nàìjíríà náà sì hù ú. ECOMOG tiwa náà ò mọ́ tán: ní Freetown ní 1999, Human Rights Watch kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn sójà wa pa àwọn tí wọ́n fura sí láìgbé wọn dé ilé-ẹjọ́.

Irú ìwé báwọ̀nyí ni òṣìṣẹ́ aṣíwọ̀lú máa ń ṣí sórí tábìlì ní London tàbí Toronto tí sójà wa kan bá jókòó níwájú rẹ̀, tó ní wọ́n fẹ́ pa òun nílé. Ìbéèrè rẹ̀ ò ní ju ibo lo ti ṣiṣẹ́, ọdún wo, lábẹ́ ta ni. Bí ó bá dáhùn pé Maiduguri, 2014, ìbéèrè ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé ilé ìdáná ló wà. Ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ ló ń wà. Òfin tí mo kà sí yín yìí ló máa gbà á, tí adájọ́ bá lò ó dáadáa, torí aṣọ ológun kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀gágun Alàní Akínrìnádé ti jẹ olórí àwọn ọmọ ogun orílẹ̀-èdè yìí pátá. Nígbà ayé Abacha, òun náà sá lọ sẹ́yìn odi pẹ̀lú àwọn NADECO, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ìjọba àwaarawa tí Pápá Ajásin ti Ọ̀wọ̀ ṣe olórí rẹ̀ nílé. Ká ní aṣọ nìkan ni wọ́n ń wò, ibo ni ì bá sá sí?

Bí òfin ṣe ń wo ẹni tó bá wọn lọ́wọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ náà ló ń wo ẹni tó kọ̀. Sójà Amẹ́ríkà kan tó ń tún hẹlikọ́pítà Apache ṣe sá kúrò nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì, kí wọ́n má bàa dá a padà sí ogun Iraq. Ó ní kí Jámánì gba òun. Ní oṣù kejì ọdún 2015, ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ Yúróòpù dáhùn pé ẹni tí kò yìnbọn pàápàá, bíi mẹkáníìkì, lè rí ààbò gbà bó bá kọ iṣẹ́ ogun sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ hàn pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ìwà ọ̀daràn ogun ìbá gbára lé. Ẹni tó bá rí ibi tó sì kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tó rí i ní ọ̀rọ̀ sọ. Kí àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́ èyí dáadáa.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ já pa, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ bá yín sọ láìfọ̀rọ̀ bò. Àwọn kan ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn láti kọ ìtàn fún un. Fọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà béèrè bóyá o ti bá wọn pàṣẹ inúnibíni rí, tàbí o ràn wọ́n lọ́wọ́, tàbí o kópa nínú rẹ̀ rí. Ti Kánádà béèrè iṣẹ́ ológun tó o ti ṣe. Akọ̀wé ìtàn á ní kọ 'rárá' síbẹ̀, kí o kọjá. Mohammed Jabbateh kọ 'rárá'. Ọ̀gá ogun ULIMO ni nínú ogun Làìbéríà, ẹgbẹ́ tó ń bá Taylor jà. Ó dé Amẹ́ríkà ní 1998, ó béèrè ààbò, ó ń ṣe káràkátà rẹ̀ lẹ́bàá Philadelphia fún ohun tó sún mọ́ ogún ọdún. Ní 2017, àwọn tí ogun náà kàn wọ bàálù wá láti Làìbéríà, wọ́n jókòó níwájú rẹ̀ ní kóòtù, wọ́n sọ ohun tójú wọn rí. Ẹ̀sùn irọ́ ni wọ́n fi kàn án, wọn ò fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn án rárá. Ní 2018 wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọgbọ̀n ọdún. Irọ́ orí fọ́ọ̀mù, ọgbọ̀n ọdún.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ èèyàn kúrò, kí ló kù? Òfin mìíràn wà tó ní ẹnikẹ́ni, ìkà tàbí olóòótọ́, a ò gbọ́dọ̀ dá a padà síbi tí wọ́n ti máa dá a lóró. Nítorí náà ẹni tí wọ́n yọ lè má rí ibi lọ, kó má sì rí ìwé gbà. Ẹ wo Niger, aládùúgbò wa. Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kó ọmọ Rwanda mẹ́jọ dé Niamey, àwọn tí ilé-ẹjọ́ Àjọ náà tó gbọ́ ẹjọ́ ìpakúpa Rwanda ní Arusha ti dá sílẹ̀ tàbí tí wọ́n ti ṣẹ̀wọ̀n tán. Oṣù náà ò tíì parí tí Niger fi ní kí wọ́n máa lọ. Kò sí orílẹ̀-èdè tó gbà wọ́n nígbà náà. Inú ilé kan náà ni wọ́n wà lẹ́yìn náà, tí ọlọ́pàá ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀nà kejì ni ti Ousman Sonko. Mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni fún Yahya Jammeh ní Gambia, láti inú iṣẹ́ ológun ló ti bọ́ sí ipò. Nígbà tí Jammeh lé e, ó sá lọ sí Switzerland ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ó ní kí wọ́n gba òun bí ogúnléndé. Wọn ò kàn tì í sí títì. Wọ́n mú un ní oṣù kìíní ọdún 2017, wọ́n wá àwọn tó dá lóró kàn, wọ́n sì gbé e lọ síwájú adájọ́. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù karùn-ún ọdún 2024, wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ogún ọdún nítorí ìwà ọ̀daràn sí ọmọnìyàn. Lára àwọn tí ìjọba Jammeh pa ní 2005 ni àwọn arìnrìn-àjò tó ju àádọ́ta lọ tó fẹ́ gba òkun lọ sí Yúróòpù, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ará Ghana, tí ọmọ Nàìjíríà sì wà níbẹ̀. Ohun tí Switzerland ṣe yẹn ni mo gbà pé ó tọ́. Kí a yọ èèyàn kúrò láìdá a lẹ́jọ́, ọ̀rọ̀ a-gbé-e-fún-aládùúgbò ni.

Ṣùgbọ́n kí nìdí tó fi jẹ́ Switzerland àti Amẹ́ríkà ni yóò máa bá wa ṣe é? Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀sínbàjò, tó ń dele fún Ààrẹ nígbà náà, gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Biobele Georgewill láti wádìí bóyá àwọn ọmọ ogun wa ń pa òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn mọ́. Wọ́n rìn káàkiri, wọ́n gbọ́ ẹjọ́ ní gbangba, ẹni tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ wá sọ̀rọ̀, ọ̀gá ológun wá sọ̀rọ̀. Àwa ará ìlú ò tíì rí ìròyìn náà kà. Sójà tí kò ṣe nǹkan kan ni àìjáde rẹ̀ ń pa lára jù, torí kò sí ìwé kankan nílé tó lè fi hàn pé òun kọ́. Ìwé Amnesty nìkan ló wà lórí tábìlì, kò sì dárúkọ òun láti dá òun láre.

Ẹ̀yin amòfin Àkúrẹ́ àti Òǹdó, òfin ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ìjọba ń ṣe ti wà láti 2011. Ẹ kọ̀wé béèrè fún ìròyìn Georgewill. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ gba ilé-ẹjọ́ lọ bí Anyaele ṣe lọ. Ẹ̀yin aṣòfin tí ìbò wa gbé dé Abuja, ẹ béèrè rẹ̀ nínú ilé ìgbìmọ̀, kí ẹ sì jẹ́ ká gbọ́ èsì.